Àrokò Opó Dákà

    

Àwọn ọmọ wa tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà ní Ìkirè a máa gbé ìwé ìtàn àròsọ bọ̀ wálé, àwọn ìyá wọn a sì máa bèèrè pé kí ni ó wà nínú ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ rí tí a fi ń san owó lé e lórí. Bí ọmọ bá wá dáhùn pé àwọn olùkọ́ ní kí àwọn wá àmì tí ó fara sin sínú ìtàn náà, ìyá a rẹ́rìn-ín, a ní ẹ̀kọ́ òyìnbó tún dé. Ẹ̀kọ́ òyìnbó kọ́ rárá. Kí ìwé kíkà tó dé Ìkirè àti Apòmù ni àwọn baba wa ti ń pa àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ẹnìkan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ó ń wí pé ọkàn òun fà sí ọ. Bí o bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ yín ti jọ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ sì ti dé ibi tí ó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òǹkọ̀wé tí ó bá gbọ́n ń ṣe. Olóògbé D. O. Fágúnwà sọ ìyá Àdììtú ní Ìpọ́njúdìran nínú ìwé Àdììtú Olódùmarè tí ó jáde ní 1961, a sì ti mọ irú ilé tí a bí ọmọ náà sí kí ìtàn tó gùn.

Ṣùgbọ́n ìwé tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí, ilé Mùsùlùmí ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, obìnrin Mùsùlùmí ni ó sì kọ ọ́. Mariama Bâ ni orúkọ rẹ̀, ará Dákà ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. A bí i ní 1929, ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó bí ọmọ mẹ́sàn-án, òun àti ọkọ rẹ̀ sì kọ ara wọn sílẹ̀. Ní 1979 ni ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Faransé. Ní 1980 ó gba ẹ̀bùn Noma, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Modupé Bodé-Thomas, orúkọ tí etí Yorùbá kò lè ṣì gbọ́, ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1981, So Long a Letter ni wọ́n sì pè é. Ọdún náà gan-an ni Mariama Bâ kú.

Ramatoulaye ni ó ń sọ ìtàn náà. Ọkọ rẹ̀, Modou Fall, kú lójijì, ó sì wọlé opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí Àlùkùránì ti pa á láṣẹ. Nínú ilé opó yìí ni ó ti mú ìwé ọ̀fìfo, tí ó ń kọ lẹ́tà sí Aissatou ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́tà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ìwé náà.

Ọdún márùn-ún ṣáájú ni Modou ti fi í sílẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n ti gbé pọ̀, ọmọ méjìlá ni obìnrin náà sì bí fún un. Ẹni tí Modou lọ fẹ́ ni Binetou, ọ̀rẹ́ Daba ọmọ rẹ̀, ọmọdébìnrin tí ó máa ń wá bá Daba kàwé nínú ilé náà. Modou kò wí fún ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí yìgì ti so tán, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó, àwọn ọkùnrin mẹ́ta wọlé pẹ̀lú aṣọ ńlá lọ́rùn: Lèmọ́mù àdúgbò, Tamsir ẹ̀gbọ́n Modou, àti Mawdo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà ká títí, wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run bò ó, obìnrin náà kọ́kọ́ rò pé ọkọ òun ti kú ni. Nígbà tí ó yé e tán, ó fún wọn ní omi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àrokò ńlá nìyẹn o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ọkùnrin tí ó fi ẹni mẹ́ta ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ méjìlá ti sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ, èyíinì ni pé ojú ń tì í.

Àwọn kan wí pé ìwé yìí ń bá ẹ̀sìn jà, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn kà á. Èmi kò gbà. Ramatoulaye ń kírun, ó ń ṣe opó rẹ̀ bí ó ti yẹ, ó sì dárí ji òkú. Ohun tí ó bá jà ni ohun tí a fi pamọ́. Nígbà tí wọ́n ń wo ohun tí Modou fi sílẹ̀ ni àṣírí tú: ó yá owó ní báńkì láti fi ra ilé fún Binetou, ó sì fi ilé tí Ramatoulaye ń gbé ṣe ìdúró. Owó àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ra ilé yẹn, ṣùgbọ́n orúkọ Modou nìkan ni ó wà nínú ìwé ilé. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Òfin ogún wa ni pé kí a kọ́kọ́ san gbèsè òkú. Bí òkú bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti àwọn ìyàwó. Bí wọ́n bá sì jẹ́ méjì, dọ́gbadọ́gba ni wọn yóò pín in. Owó tí ìyàwó fúnra rẹ̀ fi sínú ilé kì í ṣe ogún rárá, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí sí i bí kò bá sí nínú ìwé? Mélòó nínú wa ni ó ti fi èrè ọjà ra bíríkì àti páànù, tí a kò sì rí ìwé ilé náà rí?

Tamsir kò jẹ́ kí obìnrin náà sinmi. Kété lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ni ó wọlé tọ̀ ọ́, pẹ̀lú Lèmọ́mù àti Mawdo náà, ó ní bí ó bá ti jáde opó òun ni yóò ṣú u lópó. Kò bèèrè, ó kàn kéde ni. Ẹni tí ó mọ ẹ̀sìn mọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ so ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó pọ̀ mọ́ opó nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ọgbọ̀n ọdún ni Ramatoulaye ti fi panu mọ́. Ọjọ́ náà ni ó ya ẹnu, ọ̀rọ̀ tí ó sọ sì mú kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìde.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jù lọ. Lẹ́yìn tí Modou lọ tán, bọ́ọ̀sì ni Ramatoulaye àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọ̀, ọkọ̀ olówó ńlá sì ni Binetou ń gùn. Aissatou gbọ́ ní òkè òkun, ó ra Fiat fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ìdarí ọkọ̀ ń ba obìnrin náà gidigidi, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ, ó sì gba ìwé àṣẹ. Modou kò gbà láéláé pé Aissatou ni ó rà á, nítorí ó gbàgbọ́ pé ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà kì í ní ọkàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà ni Aissatou, ìdí sì nìyẹn tí ìyá Mawdo, ọkọ rẹ̀, fi tọ́ ọmọ arákùnrin rẹ̀ dàgbà láti fi í ṣe aya lé e lórí. Aissatou kò bá wọn jà. Ó kọ lẹ́tà kan sílẹ̀, ó kó ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rin, ó lọ tún ìwé kà, ó sì di ògbufọ̀ ní ilé aṣojú ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan lọ, ọ̀kan dúró, ọ̀rẹ́ wọn kò sì bàjẹ́.

Ibì kan wà tí n kò bá òǹkọ̀wé ṣe ọ̀kan. Binetou kò sọ̀rọ̀ tó. Ìyá rẹ̀ ni ó tì í sí ilé ọkọ, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní ilé-ìwé nígbà tí ìdánwò àṣejáde kù díẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ sì fi owó Modou lọ sí Mẹ́kà, wọ́n di Alhaji àti Alhaja. Ọmọ náà ńkọ́? Nígbà tí ọkọ kú, opó ni òun náà, kò sì ní ìwé ẹ̀rí kan lọ́wọ́. Ó wù mí kí ó kọ lẹ́tà tirẹ̀.

Ní ìparí ìwé náà, Aissatou ń bọ̀ wá sílé. Ramatoulaye ń rò ó bóyá àga àti tábìlì ni yóò fẹ́ bí òyìnbó. Ó ní ẹní ni òun yóò tẹ́, abọ́ kan náà ni gbogbo wọn yóò sì fọwọ́ bù jẹ. Bí ó bá jẹ́ ìhà ọ̀dọ̀ wa ni, a ò bá bu dòdò Ìkirè kún un.

Ìwé kékeré ni, ẹni tí ó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì lè kà á tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìyá tí kò bá mọ̀ ọ́n kà, kí ó ní kí ọmọ rẹ̀ máa túmọ̀ rẹ̀ fún òun ní alaalẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ̀wé sí mi: nínú ẹni tí ó lọ àti ẹni tí ó dúró, èwo ni ẹ̀yin ìbá ṣe?