Iyọ̀ Tí Ń Hù Lára Òkúta Àtọwọ́dá

Káún tí a fi ń se ewédú ní ìbátan kan tí ń fòòró àwọn tí ń fi pàǹtí ilé iṣẹ́ ṣe òkúta. Geopolymer ni orúkọ òkúta náà. Joseph Davidovits, ará ilẹ̀ Faransé, ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdàrọ́ irin tí a lọ̀ kúnná, àti eérú lẹ́búlẹ́bú tí ń bá èéfín lọ níbi tí wọ́n ti ń fi èédú ilẹ̀ ṣe iná mànàmáná, ni wọ́n máa ń pò mọ́ omi sóódà líle. Àdàlù náà a sì gan bí kọnkéré. Ní pápákọ̀ òfuurufú Wellcamp ní ilẹ̀ Ọsirélíà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2014, irú rẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú ń dúró lé.

Kò sí ẹ̀gàn nínú iṣẹ́ yìí, nítorí sìmẹ́ńtì ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n sóódà tí ó bá pọ̀ ju èyí tí eérú lè dì mọ́ra a máa bá omi rìn gba ihò tíntìntín inú òkúta. Bí omi bá gbẹ lójú ògiri, sóódà a bá afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù pàdé, a sì di ìyẹ̀fun funfun.

Àwọn kan ní ìdọ̀tí lásán ni, kí á ṣáà fi omi ṣàn án. N kò gbà. Omi ìṣanra náà ni yóò tún fa òmíràn jáde. Iyọ̀ tí ó bá sì dì sínú ihò lè la ojú òkúta.

Ibi àpòpọ̀ ni àtúnṣe wà. Ta ni nínú àwọn ìyá wa tí ń se ọṣẹ tí kò mọ̀ pé bí sóódà bá pọ̀ jù, ọṣẹ yóò bó ni lára? Kí wọ́n dín sóódà kù. Kí wọ́n fi ìdàrọ́ kún un kí ihò lè dí. Kí wọ́n fi èròjà tí alumíníọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ di ìyókù mú. Ooru wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìpò pẹ̀lú a máa ṣe òkúta eléérú lóore. Pọ́táṣì, irú èyí tí ó wà nínú eérú èèpo kòkó, kì í hu iyọ̀ tó sóódà, àmọ́ ó wọ́n jù ú lọ. Owó yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: ẹni tí kò fẹ́ náwó sí ooru ni ó ń bu sóódà lé sóódà kí òkúta lè tètè gan, onílé ni yóò sì máa fọ ògiri títí.

Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, ẹnikẹ́ni kò ní gba owó bíríkì bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ gbé ọ̀kan dúró sínú àwo omi fún ọjọ́ 7, kí oníbàárà fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí yóò hù lórí rẹ̀.