Omi Ọyán ń lọ sí Èkó, kí ló kan ará Ìbàrò?

Ọ̀rọ̀ kan gbòde báyìí tí àwọn olóṣèlú wa kì í lè sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà, àti bí a ó ṣe fi bẹntiróòlù, dísù àti igi ìdáná sílẹ̀ lọ sídìí iná tí kò ní èéfín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari ìgbà náà lọ sí ìpàdé àgbáyé ní ìlú Glasgow, ó sì ṣèlérí níbẹ̀ pé tó bá fi máa di ọdún 2060, Nàìjíríà kò ní máa tú èéfín sójú ọ̀run kọjá èyí tí igbó àti ilẹ̀ wa lè gbà mọ́ra. Oṣù yẹn kan náà ló fọwọ́ sí òfin lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Nígbà tó di ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò jáde lórí ọ̀nà tí wọn yóò gbà ṣe é.

Èmi kò lòdì sí i. Ẹni tó bá ti ń dáko ní Ọ̀dẹ̀dá tàbí Ìmálà láti bí ogójì ọdún mọ̀ pé òjò kò rọ̀ bó ṣe ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a bi ara wa ni pé, ta ni yóò ru ẹrù rẹ̀, ta ni yóò sì jẹ èrè rẹ̀? Kì í ṣe pé mo kàn ń béèrè. A ti ṣe irú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kí ọ̀rọ̀ èéfín tó dé rárá, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò sì tíì tán nílẹ̀.

Ìsédò Ọyán ni mo ń wí, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí dáàmù. Ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari wá ṣí i. Nǹkan ńlá ni. Ògiri rẹ̀ gùn ju ẹgbẹ̀rún kan mítà lọ, adágún tó dá sílẹ̀ sì gba ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 4,000. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ní yóò ṣe: yóò fún Èkó àti Abẹ́òkúta lómi, yóò bomi rin oko hẹ́kítà 3,000 ní ìsàlẹ̀ odò Ògùn, yóò sì mú iná mànàmáná mẹ́gáwáàtì 9 jáde. Omi tí ń mú iná wá láìra epo, láìsí èéfín: ohun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ lónìí gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n hẹ́kítà 4,000 yẹn kì í ṣe aṣálẹ̀. Ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ń dáko sí ni, tí wọ́n kọ́lé sí, tí wọ́n sin òkú àwọn baba wọn sí. Wọ́n ṣí wọn nídìí, wọ́n sì tún ìlú dó fún wọn sí etí omi náà. Ibẹ̀ ni wàhálà kejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ odò mọ̀ pé omi tó ń ṣàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìgbín odò láyè. Ìgbà tí wọ́n sé e, tó dúró, tí ewéko hù sínú rẹ̀, ni ìgbín kéékèèké ráyè. Inú ìgbín yìí ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń dàgbà. Ẹni tó ní àìsàn náà lára á tọ̀ sómi, ẹyin kòkòrò á pa níbẹ̀, kòkòrò á wọ inú ìgbín, á tún jáde, á sì gba awọ ara wọ inú ọmọ tó ń wẹ̀, ìyá tó ń fọṣọ, àti apẹja tó dúró sínú omi dé orúnkún. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe ìwádìí ní àwọn ìlú etí adágún Ọyán, wọ́n sì rí i pé àìsàn yìí ti gbilẹ̀ níbẹ̀, pàápàá láàrin àwọn ọmọdé. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n kí ni oògùn fẹ́ ṣe fún ọmọ tó lò ó lónìí, tó tún ní láti padà sínú omi yẹn lọ́la nítorí pé kò sí ẹ̀rọ omi nítòsí ilé wọn? Omi tí wọ́n ń fa lọ fún Èkó láti pọn mu kò gbọdọ̀ jẹ́ omi tí ń sọ ọmọ onílẹ̀ di olókùnrùn.

Iná tí wọ́n wá ṣèlérí ńkọ́? Ẹ̀rọ mẹ́ta ni wọ́n gbé síbẹ̀ ní ọdún 1983, mẹ́gáwáàtì 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títí di ọdún 2007, wọn kò tíì lò ó. Ọdún mẹ́rìnlélógún! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀ ti tó ẹni tó ń wá ìyàwó. Ìyà ọ̀hún kò sì mọ sí etí adágún nìkan. Ní ọdún 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti Ọyán ya wọ ilé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lápá Ìkòròdú, wọ́n sì sá kúrò nílé.

Mo kà á lẹ́sẹẹsẹ báyìí nítorí pé ohun kan wà lónìí tí kò sí ní 1983. Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti ṣòfin tirẹ̀ lórí iná. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Ààrẹ Bola Tinubu tún fọwọ́ sí àtúnṣe kan sí i: ilé-iṣẹ́ tó bá ń pèsè iná gbọ́dọ̀ máa ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó fi ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sọ́tọ̀ fún ìdàgbàsókè ìlú tó gbà á lálejò. Ó túmọ̀ sí pé tí ẹ̀rọ Ọyán bá ń yí, ará Ìbàrò, Abúlé Titun àti Ìmálà-Odò ní ẹ̀tọ́ tí wọ́n lè nawọ́ sí. Mélòó nínú wọn ló mọ̀?

Òfin náà dára, àmọ́ kò tó. Iná nìkan ló bá wí. Omi tó ti ń lọ sí Èkó láti nǹkan bí ogójì ọdún kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi ni iṣẹ́ Ọyán gan-an. Lójú tèmi, àfi kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn jókòó lé e, kí wọ́n sì bá ìjọba àpapọ̀ àti Èkó sọ ọ́, kí ẹni tó bá ń fa omi náà máa fi nǹkan sílẹ̀ fún àwọn tí ilẹ̀ wọn wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun kan náà ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ igi ìdáná. Àwọn ìyá wa ní oko ni wọ́n ń dá lẹ́bi pé wọ́n ń gé igbó tán. Wọ́n gbàgbé pé kerosíìnì ni púpọ̀ nínú wọn ń lò tẹ́lẹ̀. Náírà 50 ni iye tí ìjọba fi lé lítà kan, bó tilẹ̀ ṣòro kí èèyàn rí i rà ní iye yẹn, kí wọ́n tó mú ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní 2016. Bẹntiróòlù náà tẹ̀lé e. Ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé ìrànwọ́ ti parí, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí lítà fi kúrò ní iye tí kò tó náírà 200 dé nǹkan bíi 500. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò ọkọ̀ tí ń lo gáàsì kalẹ̀. Egbò ló ṣáájú, oògùn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá tó ń yan gàrí ní abúlé kò ní sílíńdà gáàsì, kò sì rí owó rà á. Tí ẹ bá fẹ́ kó fi igbó sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó máa san owó sílíńdà díẹ̀díẹ̀.

Àwọn aláṣẹ tó bá rò pé obìnrin Ẹ̀gbá á kàn gbà bẹ́ẹ̀, ẹ rán wọn létí ọdún 1947. Owó orí tí wọ́n bù lé àwọn ìyá wa láìbi wọ́n ló mú kí Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta dìde, Funmilayo Ransome-Kuti ṣáájú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949, Aláké Ladapo Ademola fi oyè sílẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún gbé ìwé àdéhùn lọ sí Ọyán, kí wọ́n kà á sétí àwọn ará etí adágún ní Yorùbá, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn apẹja tó ti ọ̀nà jíjìn wá tẹ̀dó síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí ẹ̀rọ omi tó jìnnà sí adágún wà nínú àdéhùn náà, kí oògùn àtọ̀sí ajá fún àwọn ọmọ iléèwé lọ́dọọdún wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fi obìnrin sínú àwọn tí yóò máa ṣọ́ owó ìdá 5 náà. Ìbàrò ni kí wọ́n ti ṣe ìpàdé yẹn, kì í ṣe Òkè-Mọ́sàn.