Bí owó òkú bá lọ sókè, ta ni yóò gbé òkú tálákà?

Ọ̀rọ̀ dídáná sun òkú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà Èkìtì máa ń fẹ́ gbọ́. Ilẹ̀ ni òkú ń lọ lọ́dọ̀ tiwa, pàápàá jù lọ ilẹ̀ àgbàlá baba rẹ̀. Síbẹ̀, àríyànjiyàn kan wà lórí sísun òkú nílẹ̀ òkèèrè tí ó yẹ kí àwa náà fetí sí. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, ṣé kí ìjọba gbé owó tí ó ń gbà lórí òkú sókè títí tí yóò fi tó gbogbo ohun tí ó ń ná lórí iṣẹ́ náà? Lọ́hùn-ún, owó ilé ìsunkú ni wọ́n ń sọ. Níhìn-ín, láti Fájuyì títí dé Ìdó-Èkìtì, owó mọ́ṣúárì ni ọ̀rọ̀ náà bá wí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ìlú òyìnbó, nítorí pé kò sí àdúgbò kan ní Adó tí kò ní ọmọ níbẹ̀. Ọdún 1885 ni wọ́n kọ́kọ́ sun òkú lọ́nà tí ó bófin mu ní Woking, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ọdún 1902 ni ó wá fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti máa ṣe iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì máa gba owó lórí rẹ̀. Lónìí, bí ènìyàn mẹ́wàá bá kú nílẹ̀ Bìrìtìkó, bí i mẹ́jọ nínú wọn ni wọ́n ń sun. Ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Peckham tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí wà, ní ilé ìsunkú tirẹ̀ ní Honor Oak.

Kí ló wá gbé owó náà sókè? Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Eyín tí wọ́n fi nǹkan dí lẹ́nu òkú ní èròjà mẹ́kúrì nínú, iná a sì máa sọ ọ́ di èéfín olóró. Ìjọba wọn pàṣẹ pé nígbà tí ọdún 2012 bá fi máa parí, ìdajì òkú tí wọ́n ń sun ní orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ tí ń sẹ́ èéfín náà kọjá. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú. Ní ọdún 2022, nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine, owó gáàsì fò sókè, gáàsì sì ni púpọ̀ nínú àwọn ilé ìsunkú náà ń lò. Ìdí kẹta ni èyí tí àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ sọ síta: láti ọdún 2010 ni ìjọba àpapọ̀ wọn ti ń gé owó ìrànwọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kù, ilé ìsunkú sì di ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti lè rí owó dípò rẹ̀.

Àjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdíje láàárín oníṣòwò lọ́hùn-ún wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì parí iṣẹ́ wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Wọ́n rí i pé owó sísun òkú ti ń lọ sókè ju bí ọjà yòókù ṣe ń wọ́n lọ. Wọ́n tún rí i pé ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ kì í ná ọjà. Ta ni yóò gbé òkú bàbá rẹ̀ sílẹ̀ tí yóò máa ti ọ̀dọ̀ kan bọ́ sí òmíràn láti bèèrè iye tí wọ́n ń gbà? Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, òfin ti mú un ní dandan fún wọn láti gbé iye owó wọn síta kí gbogbo ayé rí i.

Ọ̀rọ̀ Japan tún yàtọ̀. Òkú tí wọn kì í sun níbẹ̀ kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìlú Yokohama, níbi tí ìlú fúnra rẹ̀ ti ń ṣe é, ẹgbàá mẹ́fà yẹ́ẹ̀nì, ìyẹn 12,000, ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ onílùú. Ní Tokyo tí ó wà nítòsí rẹ̀, ilé iṣẹ́ aládàáni ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù, owó tirẹ̀ sì ti tó 90,000 yẹ́ẹ̀nì ní ọdún 2024. Iná kan náà ni, eérú kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ẹni tí ó gbà pé kí òun ru ẹrù náà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á rò pé ìjọba tí ń gba owó kékeré kò mọ ìṣirò. Kí iná ààrò òkú tó gbóná dé ibi tí wọ́n ń fẹ́, ó ti jẹ owó púpọ̀, ì báà jẹ́ òkú kan ni ó wà nílẹ̀ tàbí mẹ́wàá. Bí òkú bá pọ̀ lóòjọ́, iye tí ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan a dín kù. Bí wọn kò bá tó nǹkan, ẹni kan ṣoṣo ni yóò ru ẹrù gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mọ́ṣúárì rí. Ẹ̀rọ tí ń mú yàrá tutù kò mọ̀ bóyá òkú méjì ni ó wà nínú rẹ̀ tàbí ogún.

Kì í ṣe pé gbígba owó lórí òkú ṣàjèjì sí Yorùbá. Nígbà àtijọ́, bí ààrá bá pa ènìyàn, ẹbí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn Mọgbà, àwọn onísàngó, ni wọ́n ń gbé e, kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó ńlá àti ohun ètùtù ni ẹbí ń kó kalẹ̀. Ó sì dá mi lójú pé àwọn tí ọ̀ràn náà dé bá nígbà náà kò rẹ́ni bá ná an.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí Èkó. Ní ọdún 2013, nígbà ìjọba Gómìnà Babatunde Fashola, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tí ó fàyè gba sísun òkú. Kò fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ni, àti òkú tí ẹnì kankan kò wá gbé. Ìdí rẹ̀ ni pé mọ́ṣúárì ti kún, ilẹ̀ ìsìnkú sì ti ń tán. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ òkú tí kò lẹ́nìkan di ohun tí ó rọrùn. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ìwé ìjọba kan jáde síta tí ó fi hàn pé wọ́n ti fọwọ́ sí N61,285,000 láti fi sin òkú 103 pọ̀. Ìjọba Èkó ṣàlàyé pé káàkiri ìlú ni wọ́n ti kó àwọn òkú náà jọ nígbà rògbòdìyàn ọdún 2020, àti pé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta kò sẹ́ni tí ó wá gbà wọ́n. Awuyewuye ńlá ṣẹlẹ̀ lórí irú ẹni tí àwọn òkú náà jẹ́, n kò ní í wọ inú ìyẹn lónìí. Owó náà ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Bí a bá pín in, N595,000 ni ó kan òkú kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nígbà náà ń gba N30,000 lóṣù. Owó iṣẹ́ nǹkan bí ogún oṣù ni ìjọba yóò fi sin òkú kan ṣoṣo.

Ibí yìí gan-an ni mo ń lọ. Bí owó bá ga ju ohun tí ẹbí lè san lọ, kì í ṣe pé ìnáwó náà parẹ́. Ọ̀dọ̀ ìjọba kan náà ni yóò padà sí, yóò sì ti lé owó.

Ní Adó-Èkìtì, kò sí ilé ìsunkú ìjọba, ṣùgbọ́n mọ́ṣúárì wà. EKSUTH, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ìpínlẹ̀, tí wọ́n sọ di ti yunifásítì ní ọdún 2008, wà láàárín ìlú. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Ohun tí irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ ń ná kò fara sin: oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, owó oṣù àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa kò lè ṣe, dísù fún jẹnẹrétọ̀, àti iná mànàmáná. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tí ó wà ní ipele àkọ́kọ́ láti N68 sí N225 lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun yóò gbé ìdajì owó iná àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Síbẹ̀, inú òkùnkùn ni UCH Ìbàdàn wà fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, láti apá ìparí 2024 wọ ọdún 2025, nítorí gbèsè iná. Bí UCH bá lè rí bẹ́ẹ̀, alákòóso mọ́ṣúárì tí ó bá ní owó tí òun ń gbà kò tó kò parọ́.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń lò ó? Àwọn Mùsùlùmí kì í sábà pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé kíákíá ni wọ́n ń sin òkú wọn. Àwọn tí òkú wọn ń pẹ́ jù pín sí ọ̀nà méjì, wọn kò sì jọra rárá. Àwọn kan ń dúró de ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, wọ́n ń kun ilé, wọ́n ń ran aṣọ ẹbí, wọ́n ń wá ọjọ́ Sátidé tí yóò wọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Oṣù méjì kì í ṣe nǹkan lójú wọn. Àwọn kejì kò ní ayẹyẹ kankan lọ́kàn. Gbèsè ilé ìwòsàn ni ó dá wọn dúró, wọn kò sì lè gbé òkú wọn jáde. Lójoojúmọ́ tí wọ́n ń wá owó náà kiri, ni owó mọ́ṣúárì tún ń gun orí ti àná. Nígbà tí ó bá yá, gbèsè náà yóò ju ohun tí wọ́n lè tà lóko lọ, wọn yóò sì fi ìtìjú dẹ́kun wíwá.

Bí ìjọba bá wá fi owó kan náà kún ti àwọn méjèèjì, a jẹ́ pé ó ń ti ẹnì kejì jáde kí ẹnì kìíní lè ṣe ayẹyẹ ní ìrọ̀rùn. Èrò tèmi ni pé kí owó ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ má lọ sókè ju ohun tí ẹni tí ń gba N70,000 lóṣù lè gbà mọ́ra. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta lọ, kí ẹbí tí ó ń dúró de ayẹyẹ san gbogbo ohun tí ìjọba ń ná, kí ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Ẹni tí ó lè pa màlúù kò ní í kú nítorí owó yàrá tútù. Ẹni tí gbèsè ilé ìwòsàn dá dúró, kí wọ́n dá kíka ọjọ́ dúró fún un, kí ó gbé òkú rẹ̀ lọ sin, kí ó sì máa san gbèsè díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan yóò sá lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé òkú rẹ̀ lọ tí kò padà wá san gbèsè kò tíì ná ìjọba ní N595,000.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1984 kan ti sọ pé bí ẹnì kankan kò bá ṣètò ìsìnkú ẹni tí ó kú, ìjọba ìbílẹ̀ ibi tí ó kú sí gbọ́dọ̀ sin ín tàbí kí ó sun ún, kí ó tó wá wò ó bóyá olóògbé náà fi dúkìá sílẹ̀ tí a lè gba owó náà lára rẹ̀. Kí àwọn aṣòfin wa ní Adó tó fọwọ́ sí ẹ̀kúnwó kankan, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ fún wa: ọjọ́ mélòó, èló, àti ọ́fíìsì wo ni yóò gbé òkú tí ẹbí rẹ̀ kò rí owó san. Kí wọ́n sì lẹ iye náà mọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́ṣúárì ní èdè Yorùbá, níbi tí ìyá àgbẹ̀ tí ó ti Ìyìn tàbí Ìlawẹ̀ wá ti lè rẹ́ni kà á fún un kí ó tó gbé òkú ọkọ rẹ̀ wọlé.