Gómìnà Vermont àti ìbò tó ń padà wá lọ́dún méjì méjì

Àwọn kan nínú yín á bi mí pé kí ló kan Ifá nínú ìbò gómìnà nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni mo fi máa dáhùn: ìbò. Kí àwọn òyìnbó tó gbé àpótí ìdìbò dé, ọ̀dọ̀ babaláwo la ti mọ ìbò. Owó ẹyọ wà lọ́wọ́ kan, eegun wà lọ́wọ́ kejì. Ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀ ni, èkejì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó wá dáfá ló fi wọ́n pamọ́ sọ́wọ́, babaláwo ò mọ èyí tó wà níbi kan, odù tó bá hù ló máa sọ ọwọ́ tí wọn yóò ṣí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ń béèrè ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń béèrè kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó balẹ̀. Tí odù bá ti hù, ìbéèrè ò ṣe é pààrọ̀ mọ́.

Òfin yìí ni mo fi ń wo Phil Scott, gómìnà ìpínlẹ̀ Vermont. Ìpínlẹ̀ kékeré ni, ó bá Kánádà pààlà, àwọn èèyàn ibẹ̀ ò sì tó 650,000 nígbà tí wọ́n kà wọ́n lọ́dún 2020. Montpelier tó jẹ́ olú ìlú wọn ò ju bí 8,000 èèyàn lọ. Ọdún mẹ́rin ni sáà gómìnà tiwa níbí, ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹnì kan sì lè ṣe é. Ní Vermont, ọdún méjì ni sáà kan, kò sì sí iye ìgbà tí èèyàn ò lè dupò mọ́. New Hampshire tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nìkan ni ìpínlẹ̀ mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí gómìnà tó jókòó tán, ìbò mìíràn ti dé.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ Scott, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Peter Shumlin ti ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ṣèlérí pé ìjọba yóò gba ìtọ́jú ìlera gbogbo ará ìpínlẹ̀ náà sábẹ́ ètò kan ṣoṣo, tí owó orí yóò máa gbé. Àwọn ará ìlú dìbò ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2014 láìtíì rí bí owó náà ṣe máa wá. Ìbò 2,434 péré ni Shumlin fi ju alátakò rẹ̀, Scott Milne, lọ, kò sì sí èyí tó dé ìdajì nínú àwọn méjèèjì. Òfin wọn ní tí ọ̀rọ̀ bá rí báyẹn, àwọn aṣòfin ni kó yan gómìnà. Ní ọjọ́ 17 Oṣù Kejìlá, nígbà tí ará ìlú ti dìbò tán, Shumlin jáde, ó ní owó orí tí ètò náà máa gbà ti pọ̀ jù, òun ò ṣe é mọ́. Àwọn aṣòfin ṣì fi 110 sí 69 yàn án ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó dé ìdajì, ó ti kéde pé òun ò ní dupò mọ́.

Ó ṣeé ṣe kí ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà o. Àsìkò tó sọ ọ́ ni mo ń bá a wí.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni ti Scott. Ilẹ̀ ọdẹ ni Vermont, ọmọ Ògún tó bá débẹ̀ kò ní rí ara rẹ̀ bí àlejò, òfin ìbọn wọn sì wà lára àwọn tó rọ̀ jù ní Amẹ́ríkà kó tó di ọdún 2018. Scott, ọmọ ẹgbẹ́ Republican tó tún jẹ́ awakọ̀ eré ìje, wọlé lọ́dún 2016, ohun tó sì ń sọ ni pé Vermont ò nílò òfin ìbọn tuntun. Ní Oṣù Kejì ọdún 2018, wọ́n yìnbọn pa èèyàn 17 nílé ẹ̀kọ́ kan ní Parkland, Florida. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá Vermont mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó ń gbèrò irú rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ girama Fair Haven. Scott ka ohun tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀, ó sì sọ ní gbangba pé òun ti yí èrò òun padà. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹrin, ó buwọ́ lu àwọn òfin náà lórí àtẹ̀gùn ilé aṣòfin ní Montpelier, ní ìta gbangba. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò lè ra ìbọn mọ́, àyàfi àwọn bí ọlọ́pàá, sójà àti ọdẹ tó ti gba ẹ̀kọ́ ààbò. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́. Àwọn mìíràn, tí púpọ̀ nínú wọn ti dìbò fún un, ń pariwo pé ọ̀dàlẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pariwo yìí yé mi. Irin làwa náà fi ń búra, ẹni tó bá sì fẹnu kan irin tó wá yẹ ohùn, Ògún ò ní bá a ṣeré. Ṣùgbọ́n Ifá mọ̀ pé ọ̀ràn máa ń yí. Bí odù bá ní kí èèyàn má rin ìrìn-àjò lọ́dún yìí, kò ní kó má kúrò nílé títí ayé. Á padà lọ dáfá. Babaláwo tó bá rí odù tuntun tó sì ń sọ tàná fún èèyàn, ó ń tan ẹni náà jẹ ni. Scott rí odù tuntun, ó sì sọ ọ́ ní Oṣù Kẹrin, nígbà tí ìbò ṣì wà níwájú. Ó fún àwọn tó ń bínú sí i láyè láti fi eegun dá a lóhùn.

Wọ́n sì gbìyànjú. Nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ, alátakò tí kò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré fún gómìnà tó wà lórí àga. Síbẹ̀, ní Oṣù Kọkànlá, ó gba bí ìdá 55 nínú 100 lọ́wọ́ Christine Hallquist ti Democrat, ó ju èyí tó gbà ní 2016 lọ. Ní 2020, ó sọ fáyé gbọ́ pé Biden lòun dìbò fún, èyí tí kò dùn mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Iye tó gbà tún lọ sókè. Ní 2024, ó lé ní ìdá 70, lọ́jọ́ kan náà tí Vermont fi ìbò rẹpẹtẹ fún Kamala Harris.

Mi ò ní sọ pé ìwà nìkan ló ń gbé e wọlé. Láti 1962 tí F. Ray Keyser ti fìdí rẹmi, kò tíì sí gómìnà tó wà lórí àga tí wọ́n dìbò yọ ní Vermont. Àga fúnra rẹ̀ lágbára. Owó orí ilé àti ilẹ̀ tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ilé ẹ̀kọ́ náà dá kún un: ní 2024, àwọn aṣòfin Democrat fi agbára ìdá méjì nínú mẹ́ta borí Scott tó kọ̀ láti buwọ́ lù ú, owó náà sì fò sókè ní bí ìdá 14 nínú 100. Inú bí ará ìlú, wọ́n gba agbára yẹn kúrò lọ́wọ́ wọn ní Oṣù Kọkànlá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá kan Scott fúnra rẹ̀. Ní Oṣù Kìíní ọdún 2025, nígbà tí ìbò ti parí, ó gbé àbá kan jáde pé kí wọ́n pa ẹkùn ilé ẹ̀kọ́ 119 pọ̀ di márùn-ún, kí owó orí náà lè rọlẹ̀. Nígbà tó ń polongo ìbò, pé owó orí ti pọ̀ jù ló ń sọ. Iye márùn-ún yìí kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ó buwọ́ lu òfin àtúntò ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ 1 Oṣù Keje ọdún náà. Àwọn aṣòfin ti dín àbá náà kù, ṣùgbọ́n ìpadàpọ̀ ẹkùn ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn abúlé orí òkè tí ilé ẹ̀kọ́ wọn ò ní ju ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ń bẹ̀rù pé tiwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ tì. Òṣùwọ̀n tí mo fi wọn Shumlin ni wọ́n lè fi wọn òun náà, pé wọn ò bi wọ́n léèrè èyí kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó balẹ̀. Oṣù Kọkànlá ọdún 2026 ni ìbò gómìnà tó kàn.