Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, kì í ṣe ṣúgà nìkan ni kí ẹ máa yẹ̀ wò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ṣe rí gan-an nìyí. Ṣúgà ni ọ̀tá tí gbogbo wọn mọ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sá fún ẹlẹ́rìndòdò, tí wọ́n ń dín iyán àti ẹ̀bà kù. Bí ṣúgà bá ti wálẹ̀, wọ́n á ní ó ti bùṣe. Ṣùgbọ́n àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Kí ló pa ṣúgà pọ̀ mọ́ ọ̀rá? Nínú irú àtọ̀gbẹ kejì, èyí tó wọ́pọ̀ láàrin àgbàlagbà, ínsúlíìnì kò rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dáadáa mọ́. Òun ló ń ṣí ọ̀nà fún ṣúgà láti wọ inú ẹran ara, òun náà ló ń kó ọ̀rá níjàánu. Bí agbára rẹ̀ bá dín, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà á sì máa da ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rá rere á dín kù, èyí tí kò dára á máa lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi há. Bó bá dí lọ́pọlọ, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn.

Èyí tó burú jù ni pé ọ̀rá kì í pariwo. Ṣúgà lè mú kí èèyàn máa tọ̀ lemọ́lemọ́, kí èèrà sì ṣù bo ibi tó tọ̀ sí. Ní ti ọ̀rá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹni tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà lè ní i.

Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ ní Britain àti Ireland gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí alátọ̀gbẹ 2,838 tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tilẹ̀ ga. Láàrin àwọn tó lo atorvastatin, oògùn tó ń dín ọ̀rá kù, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò lò ó. Oògùn náà lè gbé ṣúgà sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ni kó kọ ọ́ fún yín o, ẹ má lọ dá a rà.

Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí ilé ìwòsàn kankan máa wọn ṣúgà alátọ̀gbẹ láìyẹ ọ̀rá rẹ̀ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya owó sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé. Kí àyẹ̀wò yìí dé abúlé, kí àgbẹ̀ má baà máa wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá nítorí rẹ̀.

Kí ìjọba tó ṣe tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Epo pupa kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ irú ọ̀rá tó ń gbé ti inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹ dín in kù lọ́bẹ̀, ẹ jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dáadáa, ẹ máa rìn, ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Ẹ̀yin ọmọ tó ń fowó ránṣẹ́ sílé, ẹ fi owó àyẹ̀wò ọ̀rá kún owó oògùn ṣúgà ìyá àti bàbá yín. Ìnáwó rẹ̀ kò tó ti rọpárọsẹ̀.