Òwúrọ̀ Ni A Fi Ń Mọ Ìwọ̀n Àlá

Àlá máa ń wu àwọn tó ń ṣe géèmù púpọ̀, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Nínú àlá, òfin ayé kò de ẹnikẹ́ni. Àkàbà lè dúró lójú sánmà láìfẹ̀yìn ti nǹkan kan, ẹja lè máa wẹ̀ nínú pálọ̀, ẹni tó ti kú lè jókòó kó máa jẹun. Ohun tí ì bá gba àlàyé rẹpẹtẹ lójú ayé kò gba àlàyé kankan níbẹ̀. Bí ìtàn bá ta kókó mọ́ oníṣẹ́ géèmù lọ́wọ́, ó lè ní akọni òun sùn lọ ni, kó sì tú kókó náà bó ṣe wù ú. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ìdẹkùn tó wà nídìí iṣẹ́ náà, nítorí ohun tí kò ná ènìyàn ní nǹkan kan kì í pẹ́ sú ni.

Ẹni tó bá fẹ́ fi àlá ṣe géèmù sábà máa ń kọ́kọ́ ronú nípa bí àlá náà yóò ṣe rí lójú. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni èyí: nígbà tí ẹni tó ń lá a bá jí, kí ni yóò bá a jí? Bí kò bá sí ohunkóhun, a jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n fi àlá ṣe. Bí ohun kan bá wà, ìbáà ṣe ìbẹ̀rù, gbèsè, ìfẹ́ tàbí ìfura, ibẹ̀ ni géèmù ti bẹ̀rẹ̀.

Géèmù méjì láti ilé iṣẹ́ kan náà lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Super Mario Bros. 2, tí Nintendo gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1988, parí sórí ibùsùn. Lẹ́yìn gbogbo ìjà àti wàhálà, wọ́n fi Mario hàn níbi tó ti ń sùn; àlá ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni, kò sì ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jìjàkadì dé ibẹ̀ kò mú nǹkan kan dání lọ sílé. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, lọ́dún 1993, Nintendo gbé The Legend of Zelda: Link's Awakening jáde fún Game Boy, ẹ̀rọ kékeré tí kò ní àwọ̀ lójú. Ìjì dà ọkọ̀ ojú omi Link nù, ó bá ara rẹ̀ ní erékùṣù Koholint, níbi tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Marin, tó fẹ́ràn orin kíkọ, ti rí i létí òkun. Kó tó lè kúrò níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jí ẹ̀dá ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Wind Fish, tó ń sùn nínú ẹyin lórí òkè.

Nígbà tí ìrìn àjò náà ti wọra, Link rí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ojúbọ àtijọ́ kan: àlá tí Wind Fish ń lá ni erékùṣù náà àti gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ tó bá jí, Marin àti gbogbo ará abúlé rẹ̀ yóò pòórá. Láti ìgbà náà lọ, bọ́tìnì tí ènìyàn ń tẹ̀ kò yí padà, idà tó ń jù kò yí padà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ohun tó ń ṣe ti yí padà pátápátá. Gbogbo ìṣẹ́gun tó bá ní ń sún òpin àwọn tó kí i káàbọ̀ sí i. Bó bá fẹ́ dá wọn sí, àfi kó pa ẹ̀rọ náà kó má gbá a mọ́. Àlá ni Koholint, síbẹ̀ ìbànújẹ́ pípa á rẹ́ kò sí nínú àlá. Ọwọ́ ẹni tó mú ẹ̀rọ dání ló wà.

Ilẹ̀ Japan náà ni àpẹẹrẹ mìíràn ti wá, èyí tó kọ́ni ní ibi tó yẹ kí àlá ti wá. Lọ́dún 1998, ilé iṣẹ́ Asmik Ace gbé LSD: Dream Emulator jáde fún PlayStation. Osamu Sato ló darí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n orísun rẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ àlá tí Hiroko Nishikawa, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà, ti ń kọ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Àwọn àgbà ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Nishikawa kò jẹ́ kí tirẹ̀ gbé inú. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú géèmù tó ti inú ìwé náà jáde, kò sí ọ̀tá tí ènìyàn ń pa, kò sí máàkì tó ń kó jọ. Ó kàn ń rìn ni. Bó bá fara kan ògiri, ẹranko tàbí ènìyàn, géèmù á gbé e jù síbòmíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àlá kan kì í kọjá. Bó bá ti parí, géèmù á fi hàn lórí àtẹ irú àlá tó jẹ́, bóyá ó mú inú dùn tàbí ó bà á jẹ́, ọjọ́ mìíràn á sì bẹ̀rẹ̀. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ara ògiri àti ojú ọ̀nà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà mọ́ ọn lójú.

Ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ní òun fẹ́ pilẹ̀ àlá láti inú orí ara rẹ̀ sábà máa ń tún ohun tó ti rí nínú fíìmù ṣe: aago tó ń yọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò lópin, òṣùpá tó tóbi ju ilé lọ. Àlá gidi kì í ṣe aláṣehàn bẹ́ẹ̀. Nǹkan kékeré ni àjèjì inú rẹ̀: ilé ẹni ni, ṣùgbọ́n yàrá kan ti pọ̀ sí i, ìyá ẹni ni, ṣùgbọ́n kò dá ẹni mọ̀. Irú ìyẹn kò ṣeé fọgbọ́n orí hùmọ̀. Ẹni tó lá a nìkan ló lè fúnni.

Yume Nikki, tí ẹnì kan tó ń lo orúkọ Kikiyama gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2004, tún fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ọmọbìnrin inú rẹ̀, Madotsuki, kò gbà láti jáde kúrò nínú yàrá. Bí ènìyàn bá ní kó ṣílẹ̀kùn, ó mi orí. Ibùsùn nìkan ló kù. Nínú àlá rẹ̀, ilẹ̀kùn 12 ló dúró yí i ká, ohun 24 ló sì wà káàkiri tó lè rí mú. Bí ibi tó wà bá sú u tàbí bà á lẹ́rù, yóò fún ara rẹ̀ léèékánná lẹ́rẹ̀kẹ́, yóò sì jí. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohun tó ṣe é. Síbẹ̀ kì í pẹ́ tí ẹni tó ń gbá a fi ń mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí kò ṣí lójú ayé yẹn ni gbogbo ilẹ̀kùn inú àlá ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìparí rẹ̀ bani nínú jẹ́ gidigidi, ojú ayé ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tó lè ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ kódà nígbà tí èrò inú rẹ̀ bá dára. Nínú Max Payne, tí ilé iṣẹ́ Remedy ti ilẹ̀ Finland ṣe lọ́dún 2001, ọlọ́pàá kan tí wọ́n pa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń lá àlákálàá. Ó ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà nínú òkùnkùn, ipa ẹ̀jẹ̀ tínínrín sì ni ọ̀nà tó gbọ́dọ̀ tọ̀. Bó bá yẹsẹ̀, ó já bọ́, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá ṣubú, àánú a ṣe é. Nígbà kẹrin, inú a bí i. Ẹkún tó yẹ kó gún ọkàn á wá di ariwo etí lásán. Àlá kì í dán ìka ọwọ́ ẹnikẹ́ni wò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń dẹ́rù bani, nítorí náà ó yẹ kí ẹsẹ̀ rọrùn láti gbé níbẹ̀, kí ọkàn nìkan wúwo.

Ẹnì kan lè ní eré lásán ni gbogbo èyí. Ìwádìí tí Robert Stickgold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 2000 kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn gbá Tetris fún wákàtí mélòó kan, wọ́n sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń rí bí oorun bá ṣe ń gbé wọn lọ. Ó ju ìdajì wọn lọ tó rí àwọn ègé inú géèmù náà tó ń já bọ́. Àwọn márùn-ún wà láàárín wọn tí àìsàn ti gba agbára ìrántí lọ́wọ́ wọn. Mẹ́ta nínú wọn rí i bákan náà, bẹ́ẹ̀ wọn kò rántí pé àwọn gbá géèmù kankan rí. Orí ti gbàgbé, oorun kò gbàgbé. Bí ègé lásán tí kò ní ojú, tí kò ní orúkọ, bá lè wọ inú oorun ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa géèmù tó ní ojú, tó ní ohùn, tó sì dìídì pe ara rẹ̀ ní àlá?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ géèmù ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Nílẹ̀ Yorùbá, kò sẹ́ni tí a ń kọ́ pé àlá máa ń bá ènìyàn jí. Ẹni tó lá àlá pé òun tún wọ aṣọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú irùngbọ̀n lágbọ̀n, kì í rẹ́rìn-ín bó bá jí. Ẹ̀rù a máa bà á pé nǹkan fẹ́ fa òun sẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, oúnjẹ ni agbára: ẹni tó bá rí i, kó yára jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n gbé àwo àmàlà síwájú ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó jẹ́ nínú àlá, kí ẹni tó gbé e wá sì jẹ́ ìyá àgbà ilé kejì tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí bọ́tìnì. Oníṣẹ́ géèmù kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìbẹ̀rù ti wà níbẹ̀, nítorí òfin eré náà ti wà nínú ẹni tó ń gbá a kó tó ra fóònù.

Ọrọ̀ ńlá ni èyí fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ewu ńlá ló sì jẹ́. Bí géèmù bá ní kí ènìyàn yọ idà sí ìyá àgbà náà, ó ti dá ẹjọ́ tí kò gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé ìtàn lásán nìyẹn. Àwọn arúgbó ti jìyà, àwọn ọmọdé ti jìyà, nítorí pé ẹnì kan sùn, ó rí ojú wọn, ó sì jí pẹ̀lú ẹ̀sùn lẹ́nu. Abala 210 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n mọ̀ sí Criminal Code, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà ń lò, ka pípe ènìyàn ní àjẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lẹ́wọ̀n nínú. Nígbà tó di ọdún 2008, ìpínlẹ̀ Akwa Ibom tún fi í sínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀. Ìlú kì í ṣòfin lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Kò pọn dandan kí géèmù tìtorí èyí fi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtàn Jósẹ́fù wà nínú Bíbélì, ó sì wà nínú Kùránì, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Nínú ìtàn náà bó ṣe wà nínú Bíbélì, àlá kan gbé Jósẹ́fù dé inú kòtò, nítorí ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Àlá mìíràn gba ilẹ̀ Íjíbítì lọ́wọ́ ìyàn, nítorí ohun tí Fáráò ṣe nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un: ó kó ọkà sínú àká. Ohun tí ènìyàn fi òwúrọ̀ ṣe ló ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá fojú inú wo géèmù tó bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀. Ọmọkùnrin kan ti jẹ àmàlà lójú àlá, ó jáde sí ojúde. Ìyá àgbà ilé kejì ń gbálẹ̀. Ó kí ìyá náà, ìyá náà sì bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé o sùn dáadáa?" Kí ni yóò fèsì? Ta ni yóò sọ fún? Bó bá sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀, àáfà tàbí babaláwo. Ó sì lè fọwọ́ kàn án lọ́rùn, kó rí i pé ibà ló ń gbóná lára rẹ̀. Bó bá sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, ọ̀rọ̀ á di méjì, á di mẹ́rin. Àwọn tó ń ra ata lọ́wọ́ ìyá àgbà á dín kù, àwọn ọmọ á máa gba ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n má bàa gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá. Bí alẹ́ bá tún lẹ́, àlá ọjọ́ kejì á tẹ̀ lé ohun tó ṣe lójúmọ́. Kò sí idà, kò sí ìbọn, síbẹ̀ ẹni tó ń gbá a á mọ̀ pé ẹnu òun lè pa ènìyàn.

Irú géèmù bẹ́ẹ̀ kò gba owó tó ń fi aago yíyọ́ sójú sánmà. Ohun tó gbà ni kí oníṣẹ́ rẹ̀ mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́, kó tó tan kọ̀ǹpútà rárá, kó sì lọ bá àwọn ènìyàn jókòó: ìyá aláta, awakọ̀, akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ń ṣọ́ ilé lóru. Kó tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, kó fi orúkọ wọn pamọ́, kó sì kọ àlá wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, láìfi iyọ̀ sí i. Bí wọ́n bá sọ ọ́ tán, kó má tíì pa ìwé dé. Kó bi wọ́n pé, "Nígbà tí ẹ jí, kí lẹ ṣe?"