Ẹrù Àjùmọ̀ní Kì Í Dá Kó Ara Rẹ̀

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tó kọjá, a gbọ́ pé ẹgbẹ́ wa yóò kúrò lórí serveur tí ó ti ń tọ́jú ímeèlì wa láti ọdún pípẹ́, pé a ó lọ sí òmíràn tí owó rẹ̀ kéré, àti pé a ó ti èyí àtijọ́ pa ní òpin oṣù. Ẹni tí a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ti wá jábọ̀ pé «tout est transféré». Àwa tí a kọ ìwé yìí kò gbà. A kò sọ pé ó purọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ó ka ohun tí ó jẹ́ ti olúkúlùkù, kò ka ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo wa.

Serveur ni kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tí lẹ́tà wa ń gbé inú rẹ̀. Láti ọdún 1986, tí Mark Crispin ti gbé ètò IMAP kalẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, ni ó ti ṣeé ṣe láti fi lẹ́tà sílẹ̀ lórí serveur kí a sì máa kà á láti ibòmíràn. Lọ́dún 1998, wọ́n fi àlàyé kan kún ètò náà tí ó pín àwọn àpò lẹ́tà sí mẹ́ta: àpò tèmi, àpò ẹlòmíràn tí ó fún mi láyè láti wò, àti àpò àjùmọ̀lò, èyí tí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Irinṣẹ́ tí a fi ń kó ẹrù láti serveur kan sí òmíràn sábà máa ń wọlé pẹ̀lú orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, yóò kó àpò onítọ̀hún, yóò jáde. Bí a kò bá dìídì pàṣẹ fún un, ó lè má bojú wo ẹ̀ka kẹta yẹn rárá. Lórí Exchange ti Microsoft, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: títí dé ẹ̀dà ti 2010, inú fáìlì ńlá ọ̀tọ̀ ni àwọn àpò gbogbogbòò wà. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kíkó wọn, ẹ̀yìn tí a bá kó ti àwọn ènìyàn tán ni a sì ń parí rẹ̀, pẹ̀lú pé a ó ti ilẹ̀kùn wọn fún ìgbà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fi nǹkan tuntun sí i. Ẹni tí ó bá dúró ní ìdajì ọ̀nà yóò rí i pé lẹ́tà gbogbo ènìyàn ti dé, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sì kọ ìwé owó rẹ̀ wá.

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í kọ́kọ́ gbé e kí a tó bá a ké ọfẹ. Ta ni ẹlẹ́rù àpò àjùmọ̀lò wa?

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àkójọ ọ̀rọ̀ èdè Kétu àti ti Ṣábẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà tí àwa àti àwọn ará wa ní Àjàṣẹ́ àti Atakpamé ti kọ síra wa. Orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà níbẹ̀ tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, òmíràn nínú wọn kò sì sí láyé mọ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí kan náà ni UNESCO kéde lọ́dún 2001 pé ó jẹ́ iṣẹ́ àràmàǹdà ogún aráyé, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ayé ti mọ iyì rẹ̀, àwa sì fẹ́ gbàgbé rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tí a ó pa.

Àwọn orin náà gan-an ni ewu bá jù. Fáìlì ohùn tí ó tó mẹ́gábáìtì 20, bí ó bá wọ inú ímeèlì, a máa di bíi 27, nítorí pé ètò ímeèlì ń tún un kọ ní lẹ́tà lásán kí ó lè rìn. Bí serveur tuntun bá fi ààlà sí 25, yóò kọ̀ ọ́. Kò ní pariwo. Yóò kọ ọ́ sínú ìròyìn gígùn kan tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Àkọsílẹ̀ ìpàdé yóò dé, ìwé ìpè síbi ayẹyẹ yóò dé, ohùn àwọn àgbà ni yóò kù sẹ́yìn.

Orúkọ àwọn àpò náà tún wà níbẹ̀. Lẹ́tà ẹ́ tí a ń kọ lójoojúmọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. A lè tò ó láti ara ẹ pẹ̀lú àmì òkè, tàbí láti ara é ti Faransé pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan ni. Lójú irinṣẹ́ tí kò mọ̀ pé wọ́n dọ́gba, méjì ni, yóò sì dá àpò méjì sílẹ̀ tàbí kí ó fo ọ̀kan. Àwọn kan ti dábàá pé kí a kúkú yọ àmì ohùn kúrò kí ó lè rọrùn. Ẹgbẹ́ tí ó ń fi ọjọ́ ìsinmi kọ́ ọmọdé ní àmì ohùn ni yóò yọ ọ́ kúrò lára àpótí tirẹ̀? Kí wọ́n wá irinṣẹ́ tí ó mọ èdè wa kà.

Àwọn kan yóò ní àṣà wa kì í ṣe ti ìwé, pé ẹnu ni àwọn baba wa fi tọ́jú ìtàn. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ìdajì ni wọ́n rí. Ní Kétu, iṣẹ́ Baba Ẹlẹ́gùn ni láti mọ ìtàn ìlú àti orúkọ àwọn ọba, kí ó sì kà wọ́n nígbà tí a bá ń fi Alákétu jẹ. Nígbà tí ogun Dáhómè fọ́ Kétu lọ́dún 1886, ilé jó, wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ; síbẹ̀ àwọn tí ó padà wá tún ìlú ṣe kò pàdánù orúkọ àwọn ọba wọn. Kì í ṣe pé ẹnu lágbára ju ìwé lọ. Ẹnì kan wà tí a fi iṣẹ́ náà jẹ, tí a lè pè, tí a sì lè bi léèrè. Ní ti WhatsApp tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ń fi dá wa lóhùn, bí fóònù bá sọnù láìsí ẹ̀dà, ohun tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ nìyẹn.

Ẹ wo Yahoo Groups. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n kéde pé àwọn yóò pa fáìlì àti lẹ́tà tí àwọn ẹgbẹ́ kó jọ sórí rẹ̀ rẹ́. Wọ́n sún gbèdéke dé 31 oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n sì ti gbogbo rẹ̀ pa ní 15 oṣù kejìlá ọdún náà. Ẹni tí ó bá béèrè lásìkò lè gba ẹ̀dà. Ẹgbẹ́ tí kò ní ẹni tí yóò béèrè ńkọ́?

Ohun tí ó ti há sẹ́yìn ṣì ṣeé yọ, bí a kò bá kánjú. Bí serveur àtijọ́ bá ń lo Maildir, fáìlì kọ̀ọ̀kan ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ kọ sórí dísíkì, a ó máa rí i kà láìsí serveur kankan. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti fi Thunderbird ka àpò náà rí lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dà wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má so kọ̀ǹpútà náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ṣí i: bí ó bá kàn sí serveur tí ó rí àpò náà ní òfìfo, òun náà yóò sọ tirẹ̀ di òfìfo. Ẹ kọ́kọ́ da fáìlì inú rẹ̀ kọ síbòmíràn.

Nítorí náà, a ń béèrè pé kí ìgbìmọ̀ má ti serveur àtijọ́ pa, kí wọ́n má sì san owó ìkẹyìn, títí a ó fi ka lẹ́tà inú àpò àjùmọ̀lò níhà méjèèjì, àpò kan tẹ̀ lé èkejì, iye àti ìwọ̀n. A sì ń béèrè pé kí a yan ẹnì kan, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́, tí àpò náà yóò wà níkàáwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú igbákejì. Àwa yóò mú iye ti serveur àtijọ́ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹni tí ó ní gbogbo rẹ̀ ti dé, kí ó mú tirẹ̀ wá.